Ẹ jẹ́ kí ará ìlú náà wọ yàrá ìjọba: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alákòóso Mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn

Sí Ọ̀gá Àgbà àjọ NCMM tó ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè yìí, àti sí Olùtọ́jú Mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn, ní ìlú Èkó.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Láti 1957 tí Kenneth Murray àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti ṣí ilé náà ní Oníkàn, ọ̀pọ̀ ohun tí ìbá ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun ló ṣì wà nílẹ̀ wa nítorí pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yàrá kan ṣoṣo la bá wá, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìjọba Nàìjíríà, Àná àti Òní, níbi tí ọkọ̀ Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà.

Orúkọ yàrá náà ti sọ ibi tó kọjú sí. Ìjọba ló ń wò. Àwọn tí wọ́n ń ṣèjọba lé lórí ńkọ́? Àwọn tó san owó-orí, tó kọ̀wé ẹ̀hónú, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin títí ilẹ̀ fi mọ́, tó to ìlà lábẹ́ oòrùn kí wọ́n lè tẹ̀ka, níbo ni wọ́n wà? Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ fi wọ́n sí yàrá yẹn gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olórí, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tí yàrá náà ń kọ́ni dé ọjà àti ilé ìwé. Ìdìbò 2027 ti ń kan ilẹ̀kùn, nǹkan wọ̀nyí kò sì gba owó ńlá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo àlejò máa ń gbé wọn lọ. Mercedes dúdú ni. Ihò ọta wà lára gíláàsì rẹ̀, ó wà lára irin rẹ̀. Ọmọdé a dúró tì í, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò. Àgbàlagbà a dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kejì 1976, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìkòyí ni ọkọ̀ yìí wà, kò sí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níwájú rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí Dimka, sójà tó fẹ́ gba ìjọba, kó sòdí yìnbọn lù ú. Olórí orílẹ̀-èdè kú síbẹ̀. Akíntúndé Akínsẹ̀hìnwá, ọ̀dọ́ sójà tó ń tẹ̀ lé e, kú. Adamu Michika tó ń wa ọkọ̀ náà kú. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ìgbà náà ni Murtala kéde pé ìpínlẹ̀ ti di 19, pé olú-ìlú yóò sì kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá.

Ìtàn yẹn tóbi, ó sì yẹ kí ẹkún gbọ̀n èèyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àkọlé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bá mọ sórí ikú, ohun tí ọmọ ọdún méjìlá yóò mú lọ sílé ni pé olórí rere máa ń kú, pé tiwa ni ká dúró ká wò. Ẹ fi ìyókù kún un. Ẹ kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó dìbò yan Murtala, pé ìbọn ló gbé ìjọba rẹ̀ dé ní 29 oṣù keje 1975, nígbà tí Gowon, olórí ìjọba tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wà ní ìpàdé ní Kampala. Ẹ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ayé ìjọba náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ibi rojọ́. Ẹ kọ Asaba náà sí i. Ní oṣù kẹwàá 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ará Asaba wọ aṣọ funfun ìbílẹ̀ wọn, wọ́n jó jáde láti kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ káàbọ̀. Àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka kejì, tí Murtala jẹ́ ọ̀gá fún, ya ọkùnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ọmọ Asaba náà ń san owó wọ mùsíọ́ọ̀mù. Bó bá dé iwájú ọkọ̀ yìí tí kò rí ọ̀rọ̀ kan nípa baba rẹ̀, ilé náà ti sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ ilé. Kíkọ ọ́ kò dín iyì ọkọ̀ náà kù. Ohun tí yóò kọ́ àlejò ni pé a lè ṣọ̀fọ̀ olórí, ká sì bi í léèrè ohun tó ṣe.

Nípa ìtọ́jú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ la ní, torí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì ń pe ìpẹtà. Etí ihò ọta ni ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ mú, torí pé ọ̀dà ti ṣí níbẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó jẹ irin náà fún ọdún mẹ́wàá, ihò kéékèèké yóò fẹ̀, ẹ̀rí yóò sì yí padà. Ẹ má kun ún, ẹ má sì dí i. Epo tín-ínrín tí kò ní àwọ̀ la fi ń pa etí irin bẹ́ẹ̀. Kí bátìrì má sí nínú rẹ̀, kí epo má sí nínú táǹkì, kí ẹsẹ̀ irin gbé ọkọ̀ sókè débi tí táyà yóò kàn fara kan ilẹ̀, torí táyà tó bá ń ru ẹrù lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún a tẹ́, a sì sán. Ọ̀rinrin tó bá kọjá ìdá 55 nínú 100 kò dára fún irin, bẹ́ẹ̀ ère igi kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ jù, yóò là. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a tìtorí àyè tó há kó irin àti igi sínú yàrá kan náà.

Ó wá kan ará ìlú.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun kalẹ̀, ẹ ronú nípa ohun tí ọwọ́ lè fọwọ́ kàn. Àwòrán ogiri kì í mú kí èèyàn ronú nípa owó-orí. Ẹrù máa ń mú un ronú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Ìbàdàn àti ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé àwọn kò lè san owó-orí pọ́n-ùn mẹ́jọ mọ́. Owó kòkó kò tó nǹkan, òpópónà oko ti bàjẹ́, àwọn agbowó-orí sì ń fi ojú wọn rí màbo. Ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ní àwọn yóò san. Ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní ọgbọ̀n ṣílè. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n pè é, láti oko dé ìgboro. Ọ̀kẹ́ ni àpò owó ẹyọ tó gba ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000. Nígbà tí owó òyìnbó gba ọjà, ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin di pọ́n-ùn kan. Ẹni tó bá mọ ìyẹn yóò rí i pé pọ́n-ùn mẹ́jọ jẹ́ ọ̀kẹ́ 32, pé 6 ni àgbẹ̀ ní òun yóò san, pé pọ́n-ùn méjì tí ìjọba àti àgbẹ̀ wá parí sí jẹ́ ọ̀kẹ́ 8.

Nǹkan tí a fẹ́ kí ẹ gbé kalẹ̀ nìyẹn: àpò 32 tí ẹ tò jọ bí òkìtì lápá kan, àpò 6 lápá kejì, àpò 8 láàárín. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí àkọlé yóò tún sọ. Aṣọ kíjìpá tàbí aṣọ àpò lásán ni kí ẹ fi rán wọn. Ẹ má fi àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ìyàngbò kún inú wọn. Kòkòrò a tẹ̀ lé e wọlé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bọ́ sára ère igi tó wà ní yàrá kejì. Fóòmù tó mọ́ ni kí ẹ fi sí i. Àpò kan ṣoṣo ni kí owó ẹyọ gidi kún, kí ó wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e wò. Bó bá jẹ́ owó ẹyọ kéékèèké ni, kò ní dín ní kìlógíráàmù 20, nítorí náà ẹ fi okùn so ó mọ́lẹ̀ kó má lè kọjá orúnkún, kó má baà já lé ọmọ lẹ́sẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tábìlì kan àti àga mẹ́jọ. Iṣẹ́ tábìlì yìí ni sínsín. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, okùn márùn-ún di igba, igba mẹ́wàá di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sín okùn kan. Yóò gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún, olùdarí yóò wá sọ fún un pé 500 irú rẹ̀ ló wà nínú ọ̀kẹ́ ẹyọ kan, pé 16,000 irú rẹ̀ ni agbowó-orí ń béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀. Ojú ọmọ a là. Owó ẹyọ tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ rà, ẹ yún etí ibi gígé náà kó má gé ọmọ lọ́wọ́, okùn ọ̀rá tó le ni kí ẹ lò dípò abẹ́rẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ dé ìdí tábìlì yìí, torí kò ní pẹ́ fi í sẹ́nu. Bí olùdarí bá sì kó owó ẹyọ jáde, kó kà á, kí ó tún un kà nígbà tó bá ń kó o wọlé. Owó ẹyọ máa ń bá àpò ṣòkòtò lọ.

Ẹ má sì fi ìtàn Àgbẹ̀kọ̀yà ṣe ìtàn akọni nìkan. Táfá Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jà fún ẹ̀tọ́, Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Akanran, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá sì gbọ́ ẹ̀dùn wọn. Wọ́n tún fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní oṣù kẹsàn-án 1969, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára àwọn tí wọ́n pa nínú rògbòdìyàn owó-orí ọdún yẹn. Ẹ kọ méjèèjì sórí pátákó kan náà. Ìbéèrè tí yóò mú àwọn ọmọ ilé ìwé gíga jiyàn títí ọkọ̀ wọn yóò fi máa dúró dè wọ́n wà níbẹ̀: nígbà tí ẹni tó gba owó kò fetí sílẹ̀, kí ló kù tí ará ìlú lè ṣe, níbo ló sì gbọ́dọ̀ dúró?

Abẹ́òkúta ló yẹ kó tẹ̀ lé e, torí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dáhùn ìbéèrè yẹn ní ọ̀nà mìíràn. Ọmọbìnrin ọdún 15 ń san owó-orí, ọmọkùnrin kò san títí yóò fi pé 16. Agbowó-orí a bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin kí ó lè mọ̀ bó bá ti tó san. Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ kọ̀wé, wọ́n tún kọ, wọ́n ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ owó han àwọn. Ní òpin 1947, bí 10,000 obìnrin yí ààfin Aláké ká, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n fi orin sọ ohun tí ìwé wọn ti ń sọ látọjọ́ yìí. Ní 3 oṣù kìíní 1949, Ọba Adémọ́lá, Aláké náà, kúrò lórí ìtẹ́, ó sì di òpin 1950 kó tó padà. Bí ẹ bá rí ìwé ìsan owó-orí ìgbà náà, gidi, tó ní orúkọ obìnrin lórí, ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó wà nínú àpótí gíláàsì nìyẹn. Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lux 50 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e wọlé kí ẹ fi ẹ̀dà sí ipò rẹ̀, torí yíǹkì ìgbà náà a máa ṣá, ìwé tó bá sì ti ṣá kì í padà. Ẹ kọ ọ́ sára àkọlé pé ẹ̀dà ni. Àlejò tó bá fúnra rẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ lórí ohun tó kù.

Ọ̀pá Elékòó, ọba Èkó, ńkọ́? Ìrìn ẹsẹ̀ ni láti Oníkàn dé ààfin rẹ̀, Ìgà Ìdúngànràn. Ní 1920, Herbert Macaulay mú ọ̀pá Ọba Èṣùgbàyí dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Ní 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn, dá Olúwa láre. Ìjọba amúnisìn ní kí ọba sọ ní gbangba pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́, ọba kò fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́. Ní 1925 wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó di 1931 kó tó fojú kan Èkó. Ọ̀pá kan, ọkọ̀ ojú omi kan, ìdájọ́ kan. Ará ìlú, olóyè àti ọba wà nínú rẹ̀ pọ̀, ìyẹn ló sì ṣe yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

Nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́ àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, ìyẹn àwọn ìjòyè tó ń fi ọba jẹ, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé Aláàfin kò dá jọba, pé Baṣọ̀run, olórí wọn, lè ní kó ṣí igbá wò, ìyẹn ni pé kó kú. Ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ìjọba tiwa-n-tiwa ni. Ẹrú àti ìwọ̀fà kò ní ohùn níbẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìdajì rẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí Yorùbá wà lára gbogbo àkọlé yàrá yìí, kí Haúsá àti Ígbò náà wà níbi tí ìtàn wọn bá ti wọlé. Ọ̀rọ̀ 60 sí 70 tó fún àkọlé kan. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ kì í ka ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àárín àkọlé wà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 140 láti ilẹ̀, kí lẹ́tà tóbi débi tí ìyá tó jẹ́ ẹni 60 ọdún yóò fi kà á láìwá awò rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ níbí ni àmì. Òǹtẹ̀wé á gba iṣẹ́ náà, fọ́ǹtì inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní gbé àmì sórí àti sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì yọ wọ́n kúrò. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà á wá di "oke mefa", àlejò á kà á sí òkè mẹ́fà, a óò wá máa wá òkè tí àgbẹ̀ fẹ́ san fún ìjọba. Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú rẹ̀, ẹ ní kó tẹ àkọlé kan ṣoṣo wá ná, kí ẹni méjì tí kò kọ ọ́ kà á sókè ketekete kí ẹ tó sanwó ìyókù.

Ẹ̀kọ́ ìta gbangba ló kù, òun gan-an ló sì ká wa lára jù. Ní ìdìbò ààrẹ 25 oṣù kejì 2023, orúkọ 93,469,008 ló wà nínú ìwé INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò. Àwọn tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò láti dìbò jẹ́ 25,286,616. Bí a bá kó èèyàn mẹ́rin jọ, ẹnì kan ló lọ, mẹ́ta jókòó sílé, tàbí ohun kan dí wọn lọ́nà. Mùsíọ́ọ̀mù kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni dìbò. Ohun tó lè ṣe ni kó fi han ará ìlú pé ọ̀rọ̀ ìjọba ṣeé gbá mú, pé ó ní etí, ó ní ẹsẹ̀.

Eré káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe é. Káàdì 20, ẹ̀dùn kan lórí káàdì kọ̀ọ̀kan: gọ́tà ọjà ti dí, wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ọmọ tuntun, itẹ́ òkú ti kún, iná NEPA kò wá, ilé ìgbẹ́ gáréèjì bàjẹ́, ọlọ́pàá ń gba owó lójú títì, adúgbò kò ní nọ́ńbà ilé. Agbọ̀n mẹ́ta: ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀, àpapọ̀. Ẹgbẹ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni kó pín káàdì sínú agbọ̀n. Lẹ́yìn náà, olùdarí yóò ṣí àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 kà fún wọn ní Yorùbá. Ẹnu máa ń yà wọ́n pé ọjà, gáréèjì, ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò, gọ́tà, itẹ́ òkú, ilẹ̀ kíkó, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ àti òkú, títí dé ìwé àṣẹ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àti ọmọlańke, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ títì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí ọ̀nà kan lè jẹ́ ti àpapọ̀, èkejì ti ìpínlẹ̀, ẹ̀kẹta ti ìbílẹ̀. Ẹ ní àwòrán ìlú tó fi ìyàtọ̀ hàn ní àwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wákàtí kan yóò bá ìjà yẹn lọ. Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti 11 oṣù keje 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ni kí ẹ fi parí eré náà, torí yóò yí ìbéèrè ará ìlú padà. Bí wọ́n bá mú un ṣẹ, kò ní jẹ́ "wọn kò fún wọn lówó" mọ́. Yóò di "owó dé, kí ni ẹ fi ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ní òfin tó gbè é, FOI ti 2011, tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà rẹ̀. Ẹni mẹ́jọ sí méjìlá lẹ́ẹ̀kan, wákàtí méjì, kí olúkúlùkù jáde pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó máa ń ba lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí ó béèrè ohun tí kò ní orí. "Ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń náwó" kò níbi tí wọ́n ti fẹ́ mú un. "Ẹ fún wa ní ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ tí ẹ gbé jáde fún àtúnṣe ọjà ní 2025, orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti iye owó" ní ìdáhùn. Kò pọn dandan kí ẹni tó béèrè sọ ìdí. Kó tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì lé èyí tí yóò mú padà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé òǹtẹ̀ yìí, láìsí i, kò sí ẹ̀rí pé ó dé ọ́fíìsì. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, ìtanràn ẹni tó bá sì kọ̀ láìtọ́ jẹ́ 500,000 náírà. Ìyá tí kò mọ̀wé kà náà ní ẹ̀tọ́ yìí: ó lè fẹnu sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ tó gbà á ni òfin ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ tẹ gbólóhùn yẹn gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ̀kẹta ni fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé tí wọ́n ń kọ èsì sí ní ibùdó ìdìbò. Ẹ tẹ àpẹẹrẹ rẹ̀ tó tóbi, kí ọ̀rọ̀ ÀPẸẸRẸ dábùú rẹ̀ ní àwọ̀ pupa, kí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan má sí níbẹ̀, ẹ fi orúkọ èso dípò wọn: Ọsàn, Ìbẹ́pẹ, Àgbálùmọ̀. Láìsí àmì pupa yẹn, ẹnì kan lè ya fọ́tò rẹ̀ kó pè é ní èsì gidi. Ẹ kọ nọ́ńbà sí márùn-ún nínú wọn, kí mẹ́ta péye, kí àṣìṣe wà nínú méjì: nínú ọ̀kan, iye ìbò pọ̀ ju iye àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò, nínú èkejì, ìbò tó dára àti èyí tó bàjẹ́ kò bá ìwé ìdìbò tí wọ́n lò mu. Kí àwọn ọ̀dọ́ wá àṣìṣe náà fúnra wọn. Ẹni tó bá ti wá a rí lẹ́ẹ̀kan yóò mọ ohun tó yẹ kó wò nígbà tí wọ́n bá lẹ èsì mọ́ ògiri ibùdó rẹ̀.

Ẹ má retí kí àwọn ìyálọ́jà wá bá yín ní Oníkàn láago mẹ́wàá òwúrọ̀. Àkókò ọjà ni. Ẹ di káàdì, agbọ̀n, àpò ọ̀kẹ́ kan àti àwòrán ìlú sínú àpótí méjì tí ẹni méjì lè gbé sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹ lọ bá wọn ní Ìdúmọ̀tà àti Ọbaléndé lẹ́yìn tí ẹ bá ti bi ìyálọ́jà léèrè ìgbà tí ọjà ń dẹ̀. Ní ti ilé ìwé, ọmọ 15 sí olùdarí kan. Ilé ìwé a máa kó 80 wá nínú bọ́ọ̀sì méjì, gbogbo wọn á sì rọ́ gìrọ́gìrọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀. Ẹ pín wọn, kí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní tábìlì owó ẹyọ, kí ọkọ̀ jẹ́ ibi tí wọn yóò kẹ́yìn sí.

Igi gànǹgàn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní àkókò ìdìbò, ẹnì kan yóò ní òun fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ètò yìí, yóò sì kó fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ nísinsìnyí: kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sí ìrẹsì, kò sí ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ láti ẹnu ẹni tó wà nípò. Káńsẹ́lọ̀ tàbí alága tó bá fẹ́ wá, kó wá dáhùn ìbéèrè, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí ará ìlú kan mú aago dání.

A mọ̀ pé owó kò pọ̀ lọ́wọ́ yín, pé iṣẹ́ àtúnṣe ilé fúnra rẹ̀ ti tó ẹrù. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kí ọdún tó parí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kẹ́: àpò 46, owó ẹyọ 20,000, tábìlì kan, àga mẹ́jọ, àkọlé kan tí àmì rẹ̀ pé. A ti ṣetán láti wá bá yín sín in, a ó sì kọ́ àwọn olùdarí yín ní eré káàdì náà láìgba kọ́bọ̀.

Àwa ni tiyín,

Àwa olùkọ́ ìtàn àti òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn.